Ilẹ̀kùn Tí Mo Tì Nínú Àtìpó Àkọ́kọ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé mi yìí, ẹ jẹ́ ká fi géèmù tuntun tí ẹ ń retí sílẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún mẹ́rin, màá sì pọ̀ ọ́ síta báyìí, kí ẹni tó bá fẹ́ bú mi bú mi. Dókítà etí sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé etí ọ̀tún mi ti lọ, pé tòsì náà ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Mo bi í pé ta ló sọ fún un, ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ ta ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ fún mi ni. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Tí ẹ bá fún mi lómi mu, màá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi sọ oògùn di oúnjẹ, mò ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, mò ń jẹ ẹ́ lálẹ́.

Ẹ ó rántí àpilẹ̀kọ tí mo ti fi Àtìpó wé Àtìpó Kejì. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, géèmù ọkọ̀ òfuurufú ni. Ẹ̀yin ni ọ̀gá ọkọ̀, ẹ ó máa fò láti ìràwọ̀ kan sí òmíràn, ohun tí ẹ bá sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín ló máa pinnu ẹni tó máa yè àti ẹni tó máa kú. Mo kọ ọ́ nígbà náà pé àkọ́kọ́ ni géèmù, pé èkejì ò ní láárí. Mo ní wọ́n ti dín ohun ìjà kù, wọ́n ti sọ ọ́ di nǹkan ọmọdé. Mo ní bí wọ́n ṣe ṣe é kí ẹni méjì lè jọ wà nínú ọkọ̀ kan, wàhálà lásán ni. Mo wá parí rẹ̀ pé, "Ẹ má rà á." Irọ́ ni! Èkejì dára ju àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Nínú àkọ́kọ́, ìdajì ọjọ́ lẹ ó fi máa to ẹrù pálapàla inú àpò yín, ẹ ó sì máa gun àtẹ̀gùn kan náà ní gbogbo ìràwọ̀, bí ẹni pé birikilà kan ṣoṣo ló kọ́ gbogbo ọ̀run. Nínú èkejì, àwọn èèyàn inú ọkọ̀ rántí yín. Ẹni tí ẹ bá bú nínú àkọ́kọ́, á fajú ro sí yín nínú èkejì. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì purọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹkàwé, nítorí ẹnì kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ kó rà á: àbúrò mi obìnrin.

Ohùn ìyá wa ni nọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ náà fi ń sọ̀rọ̀. Màmá ń ka ìròyìn lórí rédíò, nígbà tí ilé iṣẹ́ géèmù sì fẹ́ ṣe ẹ̀dà tó ń sọ èdè wa, ohùn rẹ̀ ni wọ́n mú. Orí àga kan ṣoṣo ní pálọ̀ lèmi àti àbúrò mi máa ń há ara wa mọ́, páàdì kan tí a fi ń darí géèmù láàárín wa, tèmi-tìrẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Màmá á gbé aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kọjá, á ní, "Ta ló ń fi ohùn mi pariwo níbẹ̀ yẹn? Ẹ bá mi sọ fún un kó wá fọ abọ́." Ẹ̀rọ náà ń tọ́jú ìrìn àjò kálukú lọ́tọ̀. Nínú tèmi, mo gba nọ́ọ̀sì là. Nínú ti àbúrò mi, òun náà gbà á là, ó tiẹ̀ sunkún nígbà tí nọ́ọ̀sì yè.

Nígbà tí Màmá ń lọ ka ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì fún èkejì, àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára. Àbúrò mi ló ń tẹ̀ lé e lọ, torí èmi wà níbi iṣẹ́. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á jókòó sí ibi tí a ti ń se oúnjẹ, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Tí mo bá wọlé, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Màmá á wá ní, "Ṣé o ti jẹun?" Lọ́jọ́ kan, kí n tó ṣí ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tó sọ pé, "Tí géèmù yẹn bá jáde, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ fún yín." Mo dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Fún àwọn wo? Àbúrò mi àti ta ni? Mo dá a rò, mo dá a dáhùn: àbúrò mi àti ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ni. Wọ́n ti pín nǹkan láìsí mi níbẹ̀. Ẹ wo orí mi bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́! Ẹ̀yìn ìgbà tí Màmá kú ni àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ń sọ jẹ́jẹ́ fún mi. Màmá ti mọ̀ pé òun ò ní rù ú là, kò sì fẹ́ kí n gbọ́ kó má bàa bà mí nínú jẹ́. Mo gbọ́ ọ, mi ò sì gbà á gbọ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú, ilé iṣẹ́ náà kéde pé èkejì máa bi ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe àkọ́kọ́ bóyá kí òun mú ìrìn àjò yín àtijọ́ wá. Ẹni tó bá ti kú nínú àkọ́kọ́, kò ní sí nínú èkejì; ẹni tí kò bá sì mú tirẹ̀ wá, òṣìṣẹ́ tuntun ni wọ́n máa fún un. Mo kà á, mo sì rí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ Màmá kò fi ní dé etí àbúrò mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí àbúrò mi wà ní ilé oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́, mo jókòó sórí àga wa, mo ṣí ìrìn àjò tirẹ̀, kì í ṣe tèmi. Mo dé ibi tí ọkọ̀ ti fọ́, tí afẹ́fẹ́ kù fún yàrá kan ṣoṣo. Mẹkáníìkì wà ní yàrá kan, nọ́ọ̀sì wà ní èkejì. Ẹ ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kan. Mo tì í mọ́ nọ́ọ̀sì. Mi ò gbọ́ apá yẹn rí, torí àwa méjèèjì ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn rí. Ohùn ìyá mi, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da erùpẹ̀ sí lára, wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé, "Ọ̀gá? Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn yìí ni?" Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ tọ́jú àwọn tó kù." Ẹ̀rọ sì tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo lọ fọ abọ́.

Àbúrò mi ò tẹ̀ lé àpilẹ̀kọ mi, ó lọ ra èkejì. Ó mú ìrìn àjò rẹ̀ wá, ó wọ inú ọkọ̀, ó ń wá nọ́ọ̀sì láti yàrá dé yàrá. Ara ògiri ló ti rí orúkọ rẹ̀, láàárín àwọn tó ti kú. Ó yíjú sí mi. "Bọ̀ọ̀dá mi, ta ló fọwọ́ kan tèmi?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kí n jẹ́ kó lo tèmi, mo ní tèmi ti parẹ́. Ó ní òun á tún àkọ́kọ́ ṣe látìbẹ̀rẹ̀, mo ní síìdì rẹ̀ ti sọ nù, bẹ́ẹ̀ ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó wá òmíràn títí, kò rí, torí èkejì ò tà ní èdè wa, ilé iṣẹ́ náà ò sì tẹ ẹ̀dà èdè wa kankan mọ́, títí kan àkọ́kọ́. Ta ló ní kí ẹ má ra èkejì? Èmi náà ni.

Kò tíì tán o. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń tún fíríìjì ṣe, Oníyìnyín la máa ń pè é. Ó máa ń wá sílé wa lọ́jọ́ Sátidé, á gbé páàdì, á máa tẹ nǹkan kiri bí ẹni ń pa eèrà. Mo rọra sọ ọ́ pé, "Ṣé kì í ṣe Oníyìnyín náà ló wà lórí ẹ̀rọ yìí lọ́jọ́sí?" Ìbéèrè ni mo bi, mi ò ní òun ni. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gbáà! Oníyìnyín kúnlẹ̀ sí pálọ̀, ó ní, "Mo fi ojú mi búra, mi ò fọwọ́ kan ìrìn àjò rẹ." Àbúrò mi ní, "O ò lè jẹ́wọ́ nǹkan kékeré, ṣé ti ńlá lo máa jẹ́wọ́ fún mi?" Ó bọ́ òrùka, ó fún un. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n ṣègbéyàwó. Títí di òní, tí Oníyìnyín bá rí mi lójú pópó pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá." Mi ò lè gbé ojú sókè.

Ẹ ó bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ tí Màmá fi sílẹ̀ nínú èkejì. Mo fi ìrìn àjò tèmi ṣe é nínú yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́. Nọ́ọ̀sì wà láàyè. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ dé ìràwọ̀ ìkẹyìn, ó ní, "Ọ̀gá, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ẹ pe ẹnì kejì yín kó wá jókòó." Géèmù bá dúró. Ó fẹ́ kí ẹnì kan tẹ páàdì kejì. Òǹkọ̀wé ilé iṣẹ́ ló kọ ọ́ o, tàbí Màmá ló bẹ̀ wọ́n, mi ò mọ̀. Mo mú páàdì kejì dání, ìka mi ti wà lórí rẹ̀, mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Àwa méjèèjì ni Màmá ń sọ lọ́jọ́ yẹn. Ó ti di ọdún mẹ́rin tó ti dúró síbẹ̀, mi ò mọ ohun tó kàn.

Oníyìnyín, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ mọ́, èmi ni mo ba ayé rẹ jẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà mí, tí ẹ bá rí i tí àwọn èèyàn yín ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ wọlé, ẹ bi wọ́n, ẹ má dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn bíi tèmi.

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ ka ojú ewé yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo wá sílé rẹ láti sọ ọ́ lójú rẹ, mo sì ń padà látẹnu ọ̀nà. Gbé ìwé ìròyìn yìí lọ fún Oníyìnyín kó o tó wá sọ́dọ̀ mi. Tí o bá fẹ́, bú mi, tí o bá fẹ́, má dárí jì mí. Ṣùgbọ́n wá. Mo ti gbé àga àtijọ́ náà síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo sì ti so páàdì kejì mọ́ ẹ̀rọ. Jókòó sí ọwọ́ òsì mi, etí ibẹ̀ ni mo ṣì fi ń gbọ́. Tí etí náà bá sì ti lọ kó o tó dé, ìwọ tẹ̀ ẹ́, gbọ́ ohun tí Màmá sọ, kó o kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi.