Aṣọ Funfun Tí Mo Wọ̀ Ṣáájú Ọjọ́ Mi

Ẹ yin Olúwa! Mo ní ẹ yin Olúwa! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò gba ìròyìn ikú mi gbọ́ nígbà tí gbogbo yín ti gbà á gbọ́. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí kì í wo fóònù kó tó mọ ẹni tó wà láàyè.

Ẹ jọ̀ọ́, orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè dúró pẹ́, èmi náà kò sì mọ̀wé. Fọlákẹ́, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ẹ̀rí yìí, òun ni yóò kà á níwájú ìjọ. Mo ti sọ fún un pé kó má yọ nǹkan kan kúrò. Ibi tó bá korò, kó kà á bó ṣe korò.

Ọ̀dọ̀ Fọlákẹ́ yìí náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé ó hùwà ibi. Ẹ mọ̀ pé fíìmù ló ń ṣe. Kì í ṣe fíìmù ọkọ àti ìyàwó tí ẹ máa ń wò o. Fíìmù ayé tó ń bọ̀ ni: ọkọ̀ tí kò ní dírẹ́bà, òkun tó gbẹ, ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn. Àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún ni wọ́n kó ara wọn jọ níbí ní Lómè. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn wọn, wọn ò ní ọ̀gá. Kálukú ṣe fíìmù kúkúrú tirẹ̀, wọ́n wá dì wọ́n pọ̀ bí ẹni di ìgbálẹ̀, ó di ẹyọ kan. Ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ló so wọ́n pọ̀. Ẹ máa rí i ní ìbẹ̀rẹ̀, á yí rédíò, ìtàn kan á wọlé. Tí ìtàn yẹn bá parí, ẹ tún máa rí i, á tún yí i, òmíràn á wọlé. Ọmọdé tó bá wò ó máa mọ̀ pé ìtàn ni wọ́n ń pa. Ẹ fi ọkùnrin onírédíò yẹn sọ́kàn.

Ìtàn Fọlákẹ́ ni ìkẹta. Ó ní láyé tó ń bọ̀, bí ènìyàn bá kú, wọn ò ní sin ín. Wọ́n á tẹ́ ẹ sínú àpótí onígíláàsì, ẹ̀rọ kan á tọ́jú ohùn rẹ̀ síbẹ̀, ẹbí á máa wá bá a sọ̀rọ̀, òkú á sì máa dá wọn lóhùn. Ó ní kí èmi ṣe òkú náà.

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ojú ti ń kán ọ pé kí n kú ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ta ni mo tún fẹ́ bẹ̀? Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ tí ọ̀rọ̀ á ṣì wà lójú." Mo bá gbà.

Inú ilé ìkẹ́rù kan tó ṣófo, lápá Zone franche tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà, ni wọ́n ti yà á. Gíláàsì tí wọ́n ní, rọ́bà ni. Iná tó ń tàn nínú rẹ̀, iná alùpùpù ni wọ́n tú. Nígbà tí wọ́n wá mú aṣọ òkú wá, ẹ̀yin ènìyàn mi, rọ́bà dúdú kan báyìí ni, bí àpò tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí! Wọ́n ní bí wọ́n ṣe máa ń wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ iwájú nìyẹn. Mo ní rárá o. Ọmọ Ṣakí ni mí. Ì báà jẹ́ ọjọ́ iwájú, mi ò ní wọ rọ́bà lọ sọ́run. Mo padà sílé ní Kégué, mo ṣí àpótí mi, mo mú aṣọ funfun tí mo ti rán sílẹ̀ de ọjọ́ mi, èyí tí mo fi òwú aláró ṣe iṣẹ́ sí lọ́rùn pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Òun ni mo wọ̀. Mo fi òwú dí imú. Mo dùbúlẹ̀.

Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo gbà. Torí pé gbogbo ilé wa ní Ṣakí ló mọ aṣọ yẹn. Mo ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún wọn rí, mo ní, "Ẹ wò ó dáadáa o, èyí ni kí ẹ wọ̀ fún mi." Wọ́n sì wò ó dáadáa.

Nínú fíìmù náà, àwọn ẹbí á wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ̀ sórí àpótí. Ọ̀kan á ní, "Màmá, ibo ni kọ́kọ́rọ́ wà?" Òmíràn á ní, "Màmá, ìwé ilẹ̀ dà?" Kò sí ẹni tó béèrè pé ṣé òtútù ń mú mi níbẹ̀. Mo ní, "Fọlákẹ́, ìtàn rẹ yìí ti burú jù. Ẹbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fi ẹnì kan sí i tó máa kí òkú." Ó ní, "Màmá, ìtàn lásán ni."

Wọ́n fi fíìmù náà hàn nínú àgbàlá kan ní Sanguéra. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun ni wọ́n ta sára ògiri. Èmi ò lè lọ, orúnkún mi ti wú, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mi ò ti dé ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Àmọ́ ẹnì kan láti inú ìjọ yìí wà níbẹ̀. Ó gbé fóònù sókè, ó ya ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Kò ya onírédíò. Kò ya ìbẹ̀rẹ̀, kò ya ìparí. Ó gé mi kúrò láàrin àwọn ìtàn yòókù bí ẹni gé orí ẹja, ó fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù ìjọ. Ẹni náà jókòó síbí lónìí. Mi ò ní dárúkọ. Ọlọ́run mọ bẹ́ǹṣì tó wà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, mo ti kú. Fọlákẹ́ ka gbogbo ohun tí ẹ kọ fún mi. "Sùn re o, ìyá rere." "Ó di gbéré." "Ó dàárọ̀ o, Màmá wa." Ẹ fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé sí i. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mò ń mu ẹ̀kọ, mò ń gbọ́ ìdágbére ara mi. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Fọlákẹ́ fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni, mo ní kó má kọ ọ́. Mo ní, "Wọ́n á wá. Yorùbá kì í gbọ́ òkú kó má yà nílé ẹni. Gbálẹ̀, kí o to àga."

Ó gbálẹ̀. Ó to àga. Mo wé gèlè. Mo ní bí ẹ bá ti ń wọlé pẹ̀lú omijé, màá yọ sí yín láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ká jọ rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ kan. Ọjọ́ méjì. Ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin ará, eṣinṣin kò ya ibẹ̀, ènìyàn kò ya ibẹ̀. Láti ibí dé Kégué, kí ni alùpùpù sẹ́mìjáàn máa rìn? Ẹni tí ẹ ti ń bá jókòó láti ìgbà tí irun orí yín ṣì dúdú kú, ẹ ò wá wo òkú rẹ̀! Ẹ̀rín yẹn korò mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní kí Fọlákẹ́ kó àga wọlé.

Ọjọ́ kẹrin ni mo tó rántí pé Wasáàpù á ti gbé òkú mi dé Ṣakí. Yàrá kan péré ni mo ní láyé yìí, inú ilé bàbá mi ló wà. Ilé tí mò ń gbé níbí, ilé onílé ni. Yàrá yẹn ni mo fẹ́ parí ọjọ́ mi sí, ibẹ̀ ni mo ti àpótí irin mi mọ́, aṣọ òfì ìyá mi wà nínú rẹ̀. Mo ní kí Fọlákẹ́ pe Gbénga, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin.

"Gbénga, èmi ni o, Ìyá Lómè."

"Yéè!" Ó pa fóònù. A tún pè é. Ó ní, "Ìyá Lómè, ẹ jọ̀ọ́ o. Bí ẹ bá ti kú, ẹ sùn re, a ò ṣẹ̀ yín. Àmọ́ tí ẹ ti pè yìí, ibo ni kọ́kọ́rọ́ àpótí irin yẹn wà? Àná la ti ń lù ú."

Fọlákẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ inú fíìmù rẹ̀ ni.

Mo ní, "Gbénga, inú yàrá mi lo wà yẹn?"

Ó ní, "Ẹbí ti fún mi láti ìjẹta, Màmá. Mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé."

Mo sọ fóònù sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó wú yẹn. Mo ní, "Baba, tí mo bá ti kú, sọ fún mi kí n mọ̀. Tí mi ò bá tíì kú, fún mi ní ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ pé mo wà láàyè. Ẹnì kan péré." Mi ò tíì ṣe àmín tí fóònù fi dún. Ìyá Ọyin ni, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àgbà ilé wa. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Ó gbọ́ tí Gbénga ń ké, ó ní kí wọ́n pe ẹni náà padà fún òun.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ti jẹun?"

Ẹ̀yin ará, mo bú sẹ́kún. Ẹkún tí ẹnikẹ́ni kò sun fún mi, èmi fúnra mi ni mo sun ún.

Ó ní, "Wọ́n ní àwọn rí òkú rẹ. Mo ní ta ló gbọ́ ẹkún? Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo ní òkú wo ni kì í ní ẹkún? Wọ́n ní kí n dákẹ́, pé mi ò ríran." Ó wá pariwo sílé, "Ẹ gbé àpótí ìjókòó mi wá síbí!" Ẹnu ọ̀nà yàrá mi ló jókòó sí. Mò ń gbọ́ wọn lórí fóònù.

"Màmá, oòrùn ń pa yín."

"Gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ."

"Màmá, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ, Gbénga."

Ó gbé e. Halelúyà! Yàrá mi ti padà sí ọwọ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ìdí ìró ẹ̀gbọ́n mi. Àmọ́ wọ́n ti gbé àpótí irin jáde kó tó jókòó, wọ́n já a lẹ́yìnkùlé, wọ́n gé òfì ìyá mi sí mẹ́ta fún àwọn ìyàwó ilé. Mo gba yàrá. Òfì ti lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo wọ́ ẹsẹ̀ wá síbí. Arábìnrin tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rí mi, ó ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", ó sá, ó fi bàtà kan sílẹ̀. Ẹ ní kí n dúró síta ná. Ẹ da òróró sí mi lórí. Pásítọ̀ ní kí n kọ ẹ̀mí ikú sílẹ̀. Mo kọ̀ ọ́, Pásítọ̀, mo gbọ́ràn. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́ sà, kì í ṣe ẹ̀mí ikú ló ń tẹ fóònù. Fọlákẹ́ ní kí a yọ ibí yìí. Mo ní kó kọ ọ́.

Àwọn kan tún ní kí n gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ọmọ náà. Mi ò ní gbà á. Ó ti ń tún ìtàn yẹn yà. Ó ní obìnrin kan máa wọlé kẹ́yìn, kò ní béèrè kọ́kọ́rọ́, á kàn béèrè bóyá òkú ti jẹun. Mo ní ọmọ mi, ó tó.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Ó jẹ́ kí n rí ìsìnkú mi, kò sì jẹ́ kí n bá a lọ. Aṣọ funfun mi ti padà sínú àpótí, mo ti fọ̀ ọ́. Kégué ni mo ṣì ń gbé. Ẹ ti kí mi pé ó dàárọ̀. Ilẹ̀ sì ti mọ́ o. Ó kù kí ẹ wá kí mi pé ẹ káàárọ̀.