Pìẹ́rógì Tí Kò Láta

Níbi tí mo ti ń ra àlùbọ́sà ní Ìyànà-Ìbà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ìyá àgbà kan tó ń ṣa ànàmọ́ òyìnbó lórí tábìlì olùtajà.

"Pìẹ́rógì ni mo tún fẹ́ sè. Oúnjẹ ìlú Póláǹdì ni. Kí ìyàwó ọmọ mi tó kú, òun ló máa ń sè é fún ọmọ rẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti gbé ọmọ náà wá bá mi, kò jẹun kánú."

"Mummy, báwo lẹ ṣe ń sè é?" olùtajà bi í.

"Màá po fùláwà, màá di ànàmọ́ gígún sínú ẹ̀, màá wá bọ̀ ọ́. Ní Sọ́ńdè, mo fi ata rodo sí i."

"Ata kẹ̀! Ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?"

"Ọwọ́ mi ò mọ oúnjẹ tí kò láta. Omi bọ́ lójú ẹ̀, àmọ́ ó jẹ ẹyọ kan. Ó ní kí n gbé ìyókù pamọ́ de mọ́mì òun."

Olùtajà wò ó. "Ẹ ò tíì sọ fún un?"

"Bàbá ẹ̀ ní òun máa sọ ọ́ fúnra òun tóun bá dé. Ọmọ náà ló rán mi níṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n sè mìíràn, pé mọ́mì òun kì í jẹ ata."