Orúkọ Tí Màmá Ọ̀kà Kò Rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ìyá tó tọ́ mi dàgbà, tí orí wọn pé ju tèmi lọ, mo ti sọ wọ́n di arúgbó tó ń ṣarán lójú ayé. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ọmọ wọn fẹ́ wá ti ilé wọn pa, kó sì mú wọn lọ sí Àkúrẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè pa á mọ́ra mọ́.

Ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ń ṣe fún àwọn èèyàn níbí, ní Ìkàrẹ́. Mo mọ iṣẹ́ náà, mi ò ní parọ́. Ẹnu mi ló kàn ń yá ju ọwọ́ mi lọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé àmì tí mo bá ṣí nínú HTML, ìyẹn èdè tí a fi ń kọ ojú ewé, kí n rí i pé mo tì í. Wọ́n ní kí n sì fi oríṣiríṣi búráúsà wò ó, ìyẹn ohun tí fóònù fi ń ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí kì í ṣe fóònù kan náà ni gbogbo wa ń lò. Èmi a ní, "Ọ̀gá, ó ṣáà ń ṣiṣẹ́ lórí tèmi."

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀kà fẹ́ ṣe àjọ̀dún, wọ́n ní kí n ṣe ojú ewé kan, kí n to orúkọ àwọn tó kọ́ ilé ìsìn náà sí i. Mo fi orúkọ ọkọ Màmá Ọ̀kà síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni Màmá Ọ̀kà, àwọn ló tọ́ mi dàgbà. Ọkọ wọn, tó ti di olóògbé, forí ru òkúta sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá sí ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn.

Lẹ́yìn ìsìn, Màmá na fóònù kékeré wọn sí mi lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ò fi orúkọ bàbá yín síbẹ̀."

Mo ní ó wà níbẹ̀. Màmá ní kò sí. Inú bí mi. Mo yọ fóònù ńlá tèmi, mo fi han gbogbo ayé. Òun rèé! Mo ní, "Màmá, ẹ lọ ra awò ojú tuntun." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tiẹ̀ wo fóònù Màmá, ẹ jọ̀ọ́.

Nígbà tí mo padà sí Ìkàrẹ́, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo yá irú fóònù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò mi, mo ṣí ojú ewé náà. Háà! Orúkọ Bàbá kò sí lóòótọ́. Àmì kan tó wà lókè orúkọ yẹn, mi ò tì í dáadáa. Búráúsà tèmi bá mi tún un ṣe láìsọ fún mi. Ti fóònù kékeré ò mọ ìyẹn, ó gbé orúkọ Bàbá mì.

Ṣebí kí n pe Màmá, kí n bẹ̀ wọ́n? Ojú tì mí. Mo rọra ti àmì náà, mo dákẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí Màmá tún ṣí i, orúkọ ti wà níbẹ̀. Wọ́n ń pariwo pé kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ló fẹ́ gbà wọ́n gbọ́? Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí Màmá ti ń dàrú.

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wọn. Màmá tó ń dá lọ sọ́jà Ìkàrẹ́, tó ń dá bọ̀! Èyí tó dùn mí jù ni pé Màmá fúnra wọn ti gbà bẹ́ẹ̀. Mo lọ kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń se iṣu. Màmá ṣí ìkòkò, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá bi mí pé, "Bá mi wò ó, ṣé iṣu wà nínú ẹ̀ lóòótọ́?" Omi bọ́ lójú mi. Mo ní èéfín ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pòwe irọ́ àti ogún ọdún fún mi, mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo ń lọ, Màmá fi fóònù kékeré yẹn lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Máa bá mi tọ́jú ẹ̀. Ohun tí o bá rí níbẹ̀, ṣáà máa sọ fún mi. Ìwọ ò lè parọ́ fún mi."

Fóònù náà ló wà níwájú mi yìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ Àìkú tó dé. Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ fún Màmá nínú ilé ni, àbí kí n dìde láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí mo ti kọ́ àwọn èèyàn láti fi wọ́n rẹ́rìn-ín?