Wùmíwùmí Lójú Fóònù Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí mo bá rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi rò pé mo fi wọ́n ṣẹ̀sín, ó ṣì ń dùn mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ló ń pa mí báyìí. Ìsẹ́yìn ni ilé ọkọ mi, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Ìyá ọkọ mi ni olórí àwọn obìnrin tó ń ta òwú fún àwọn tó ń hun aṣọ òkè. Wọ́n wá ọmọ pẹ́ kí Ọlọ́run tó fún wọn ní ẹyọ kan, wọ́n sọ ọ́ ní Ọmọ́wùmí. Òun ni ọkọ mi.

Mo ṣe ètò kan tí yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe ẹgbẹ́ wọn sí ìpàdé. Mo kọ ọ́ pé, "Ìyá ọmọ, ẹ kú òwò, ìpàdé di ọ̀la." Mo ní níbikíbi tí ètò náà bá ti rí "ọmọ", kó fi orúkọ ọmọ ẹni náà rọ́pò rẹ̀, kó má ṣíwọ́ títí "ọmọ" yóò fi tán níbẹ̀. Ti Ìyá Bọ̀dé dára. Ti Ìyá Ṣakirátù dára. Àfi ti ìyá ọkọ mi! "Ìyá Ọmọ́wùmíwùmíwùmíwùmí", títí àyè fi tán. Ẹni tó bá wọn kà á ní ìsọ̀ kà á sókè, ni ọjà bá bú sẹ́rìn-ín.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn nírọ̀lẹ́, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyàwó, ṣé nítorí pé ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí lo ṣe ń fi mí ṣẹ̀sín pé ọmọ ṣì ń wù mí?" Áà! Omijé bọ́ lójú mi.

Mo wo iṣẹ́ náà títí. Ibi tí mo fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo fọwọ́ ara mi tẹ orúkọ ọkọ mi láìfi àmì sí i, bí a ti ń ṣe lórí fóònù, ni ojú mi là. "Ọmọ" wà nínú Ọmọ́wùmí! Bí ètò náà bá fi orúkọ síbẹ̀ tán, á tún rí "ọmọ" mìíràn, á tún rọ́pò rẹ̀. Mo jó yí yàrá po! Mo tún un kọ pé kó ka ọ̀rọ̀ náà já lẹ́ẹ̀kan péré, kó má padà wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀.

Mo sáré lọ ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́. "Ó rí ọmọ, kò yó! Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé èmi nìkan ni Ọmọ́wùmí wù ni?" Ojú tì mí, inú mi sì dùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun dé, tó mọ́ tónítóní, wọ́n ní àdúrà kí ọmọ pọ̀ ni ti àkọ́kọ́, kí n dá a padà. Ìyá Bọ̀dé náà gbọ́, ó ní òun fẹ́ kí tòun gùn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ta ló ń tún àṣìṣe ṣe tán, tó tún ń lọ kọ ọ́ padà? Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ẹni ló ń bẹ̀bẹ̀ yìí!