Ewé Pupa Abẹ́ Igi Fúrúùtù

Ọyẹ́ ti mú kí ewé igi fúrúùtù pọ́n, ó ti ń já sílẹ̀, lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá kan àti ìyá tó ń gbá páàkì kékeré kan ní Ìkòsí.

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbá ewé yìí. Mo fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ mi ní London.”

“Daddy, ọ̀gá mi ń bọ̀. Ìdọ̀tí ló máa pè é, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi.”

“Ọmọ mi ní ewé pupa inú páàkì wọn lòun ń wò tí òun ò fi tíì wálé. Kó rí i pé tiwa náà ń pọ́n.”

“Ṣé ewé nìkan ló dá a dúró?”

“Ohun tó sọ fún mi nìyẹn.”

Ìyá náà wò ó títí, ó fi ìgbálẹ̀ ti igi.

“Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n gbé bùkéètì ìdọ̀tí yìí kúrò, kí ọmọ yín má baà rí àwáwí mìíràn.”