Dáínámò Aminullah Kò Bàjẹ́

Ní Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù Kẹfà ọdún 2019, ní nǹkan bí aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, tírélà kan gbá Aminullah láti ẹ̀yìn lójú títì Western Avenue, òun àti kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀. Òjò ń rọ̀. Iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà kò tàn, ti iwájú náà kò tàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti kú. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ẹni tó mọ̀ wọ́n ní Mushin ti gbà pé Haleemah, ìyàwó rẹ̀, ló fa ikú náà, nítorí pé ó yọ iná kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ lójú sàájì kí ó lè fi fóònù tirẹ̀ síbẹ̀. Irọ́ ni. Èmi Yẹ̀kínnì, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, mọ̀ pé irọ́ ni, èmi náà ni mo sì jẹ́ kó dúró. Dókítà ti sọ fún mi pé kíndìnrín mi méjèèjì ti kọṣẹ́. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kí Aminullah tó gbé tirẹ̀ wá. Ní ọdún 1994 ni mo lọ sí ilé-ìwé alẹ́ ní Yaba. Bàtà kan ṣoṣo ni mo ní, ti ẹsẹ̀ òsì ti lu, páálí ni mo ń tẹ́ sínú rẹ̀, tí òjò bá sì rọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń pààrọ̀ páálí náà kí n tó délé. Nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, a dé orí iná mànàmáná, ara mi kò gbà á mọ́, mo sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ìdajì ìmọ̀ yẹn ni mo fi ń ṣe ọ̀gá láàárín àwọn tí kò kà á rárá.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Aminullah, ẹni ọdún méjìlélógójì. Òun ló ń ṣí géètì ilé-iṣẹ́ kan ní Iganmu, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju aago mẹ́fà àárọ̀ lọ. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ó ti kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan wá sí ọ̀dọ̀ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo àárín ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀," ó ní, "ó yọkùn bíi tèmi. Wọ́n ní dáínámò ló wà nínú ẹ̀. Bí mo bá ṣe ń wà á ni iná á ṣe máa tàn. Mo ti bọ́ lọ́wọ́ NEPA nìyẹn. Ẹ ṣáà bá mi so iná mọ́ ọn."

Dáínámò tí èmi mọ̀ ni ti àtijọ́, èyí tó dà bí ìgò kékeré, tó máa ń fi orí ra táyà. Wáyà kan ṣoṣo ni a ń fà jáde lára rẹ̀, irin kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni wáyà kejì. Ti Aminullah ní ojú wáyà méjì. Mo fa wáyà iná sí ojú kan, mo so ojú kejì mọ́ irin kẹ̀kẹ́, bí mo ti máa ń ṣe é. Mo gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, mo yí i. Iná kò tàn. Mo tún un yí. Rótìmí, tó ń lẹ táyà ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gbé orí sókè.

"Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínnì, bóyá dáínámò náà ń gbààwẹ̀ ni o! Ẹ ní sùúrù fún un dìgbà ìṣínu."

Èèyàn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín, Aminullah náà rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ, pé mi ò mọ irú èyí. Mi ò sọ ọ́. Mo ní, "Dáínámò yìí ti jóná. Bátìrì ló yẹ ẹ́." Ẹnu tí kò kan omi láti ìdájí ni mo fi sọ ọ́.

Mo yọ ẹsẹ̀ iwájú náà, mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Mo to bátìrì mẹ́ta tí wọ́n tú lára kọ̀ǹpútà àlòkù sínú ike kan, mo so iná iwájú àti ti ẹ̀yìn mọ́ ọn. Mo fi mítà yẹ̀ wọ́n wò. Méjì dára. Ìkẹta ti kú tán: tí a bá sàájì rẹ̀, kíá ló ń kún, kíá ló sì ń gbẹ, tí òun bá sì ti gbẹ, àwọn méjì yòókù kò lè tan iná. Mo rí i lójú mítà. Mi ò ní òmíràn nílẹ̀, Rótìmí sì ṣì ń wò mí. Mo fi téèpù wé gbogbo rẹ̀, mo gbé e fún un.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, Ọjọ́ Àìkú, tí kò sí ẹnì kankan ní ìsọ̀, mo gbé ẹsẹ̀ iwájú tòkunbọ̀ náà jáde lábẹ́ àpò tí mo fi bò ó. Mo tú wáyà méjèèjì, mo gbé ti ọ̀tún sí òsì. Mo yí i. Iná tàn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi di ojú. Kò jóná nígbà kankan. Ojú wáyà tí kò yẹ kó kan irin ni mo so mọ́ irin. Àwọn èèyàn ṣì ń bi mí pé dáínámò àti bátìrì, èwo ló dára jù. Méjèèjì ló dára lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jáde ní ìdájí láti àdúgbò tí NEPA ti ń ṣe bó ṣe wù ú, dáínámò ló yẹ ẹ́. Mo mọ èyí lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ méjìdínlógún ṣì kù. Mo tún fi àpò bò ó.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, Aminullah padà wá.

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá ti dé Ojúẹlẹ́gba báyìí, iná yín á ní ó dàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé dáínámò yẹn lọ sí Sábó, kí wọ́n bá mi wò ó."

Ibi tí mo fi dáínámò náà pamọ́ sí kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ sí wa. Mo ní, "Mo ti jù ú fún àwọn tó ń ra irin. O kì í sàájì bátìrì yẹn kó kún ni. Sọ fún ìyàwó ẹ."

"Haleemah kẹ̀? Ó ń tọ́jú iná yẹn ju bó ṣe ń tọ́jú mi lọ!" Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Mi ò tún rí i láàyè mọ́.

Lọ́jọ́ tó kú, lẹ́yìn ìrun òkú, Lèmọ́mù ní kí ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀ foríjì í. Gbogbo wa ní a ti foríjì í. Ohùn tèmi ròkè ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ wo èmi tó ń foríjì Aminullah.

Síbẹ̀ èyí kọ́ ló burú jù. Ní àdúà ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn àlejò ti lọ, Alhaji Taoheed, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ní kí èmi dúró. Haleemah jókòó sórí ẹní. Lateefah, àbúrò olóògbé, dúró lé e lórí.

"Fóònù!" Lateefah ń pariwo. "Ẹ bá mi bi í! Ọkọ ń lọ sójú títì nínú òkùnkùn, ìyàwó ń sàájì fóònù!"

"Aago mẹ́ta ni mo yọ ọ́, Àǹtí," Haleemah ní. "Iná gríìnì ojú sàájà ti tàn. Mo jókòó tì í títí ó fi tàn." Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé tí gríìnì bá ti tàn, ó ti kún."

Alhaji ní, "Yẹ̀kínnì, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo mọ̀ pé bí Haleemah bá tilẹ̀ fi ọjọ́ méjì sàájì rẹ̀, iná náà ì bá ṣì kú ní Ojúẹlẹ́gba. Mo mọ ìdí rẹ̀. Mo ní, "Gríìnì lè tàn kó má tíì kún."

Haleemah wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó fi yọ iná náà, ó sì fi í sábẹ́ ìbòrí rẹ̀. Ó gbà mí gbọ́. Títí di ìgbà tí mo la ẹnu, òun nìkan ló mọ̀ nínú ẹbí yẹn pé òun kò jẹ̀bi. Èmi ni mo gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó parí opó ní òpin oṣù Kẹwàá, wọ́n ní kó máa lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Wọn kò jẹ́ kó mú Husnah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, dání. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ọ̀dọ̀ Lateefah ló dàgbà sí, ohun tó sì ń gbọ́ níbẹ̀ ni pé ìyá rẹ̀ ló pa bàbá rẹ̀. Mo rí i ní ọdún tó kọjá níwájú ìsọ̀ mi, mo bi í bóyá ó ń gbúròó ìyá rẹ̀. Ó ní, "Mi ò ní ìyá, sà."

Alhaji Taoheed, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí sétí gbogbo ẹbí, kí Lateefah àti Husnah wà níbẹ̀. Ẹ rán ẹni sí Ìsẹ́yìn kó kà á fún Haleemah, nítorí mo gbọ́ pé kò fọwọ́ kan fóònù mọ́. Mò ń bẹ ẹ́ kó foríjì mí. Tí kò bá foríjì mí, kò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ju ìmọ̀ yín lọ, ẹ wí i, kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Rótìmí kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Aminullah kú. Husnah ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọdún mẹ́fà nínú rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kò rí.