Uelese Kì Í Ṣe Olóríkunkun

Òní ni ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 2015. Òjò ń ṣẹ́ winniwinni, atẹ́gùn díẹ̀ sì ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jáde lọ wò ó kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, èmi Pesaleli, tí ẹ fẹ́ fi jẹ díákónì, mo ní òtítọ́ kan tí n kò gbọdọ̀ gbé wọ ibojì.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ka ẹ̀rọ ojú-ọjọ́ fún ìjọba ní erékùṣù Savai'i níbí. Láràárọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ kà á, kí n sì fi tẹlifóònù ránṣẹ́ sí Apia, olú-ìlú wa. Ní oṣù kejì ọdún 2004, iṣẹ́ ti sú mi. Ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjò ń rọ̀, n kò jáde. Iye àná ni mo kọ. Uelese, ọkọ Losivale, yà lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú okùn ìpẹja rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé kí n lọ sókun, àbí kí n padà lọ sùn ti ìyàwó mi?" Mo ní, "Máa lọ jàre! Ẹja kò ní wá bá ọ lórí ẹní." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ kúkú ń bá òjò sọ̀rọ̀." Ká ní mo wo ẹ̀rọ ni, ǹ bá ti rí i pé ìjì ń bọ̀. Pákó ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni òkun dá padà.

Èyí kọ́ ló burú jù. Nígbà tí àwọn àgbà pè mí, ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní, "Mo kìlọ̀ fún un. Kò gbọ́." Irọ́ mi yìí ni àlùfáà ìgbà náà fi wàásù nípa olóríkunkun nínú ìjọ yìí, tí Losivale jókòó níwájú, tó doríkodò.

Mo fẹ̀yìn tì, ilé wá dà bí ẹ̀wọ̀n. Agogo ìjọ yìí ni Ọlọ́run fi gbé mi dìde. Mo ń lù ú, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹsẹ Bíbélì, mo sì gbà pé Olúwa ṣì ní iṣẹ́ fún arúgbó. Òtítọ́ nìyẹn, síbẹ̀ n kò ní ìsinmi. Losivale a máa gbé kókò tó fi wàrà àgbọn sè wá fún mi. Lóṣù tó kọjá ó sọ fún Sieni ọmọ rẹ̀ níṣojú mi pé, "Máa gbọ́rọ̀ sí Bàbá lẹ́nu. Má ṣorí kunkun bíi bàbá ẹ." N kò jẹ kókò náà.

Nítorí náà, ní Ọjọ́rú, kí oòrùn tó yọ, mo lọ jókòó síwájú ilé wọn, àbúrò mi sì fi ẹní àtàtà bò mí lórí, bí àwọn baba wa ti ń ṣe nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá wà lọ́wọ́ wọn; ẹni tí a ṣẹ̀ ló lè ká a, bó bá ti dárí jì. Mo gbọ́ ohùn Losivale: "Áà, Bàbá! Ta lẹ pa?" Mo ní, "Ọkọ rẹ ni." Abẹ́ ẹní ni mo ti rò ó tán. Ó ní, "Kí ló bi yín gan-an? Ẹ má fi ọ̀kan pe méjì fún mi." Mo sọ ti oorun àti ìyàwó. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì di ẹkún. "Uelese nìyẹn! Ẹnu ẹ̀ nìyẹn!" Ó ká ẹní náà kúrò lórí mi. Ó ní, "Mo ti ká a. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ba orúkọ ẹ̀ jẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti tún un ṣe."

Ibẹ̀ ni mo dúró sí yìí. Uelese béèrè, èmi ni mo rán an lọ, èmi ni mo sì parọ́ mọ́ ọn. Ẹ fi ẹlòmíràn jẹ díákónì. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ fi okùn agogo sílẹ̀ fún mi.

Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí a ká ẹní náà ni Losivale, Sieni, Simanu tó jẹ́ àlùfáà wa báyìí, àti Tanielu àbúrò mi. Ìyàwó mi dúró lójú ọ̀nà. Ojú ń tì í; kò wọ àgbàlá.